Ọ̀gán Yín Ti Bímọ

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tí kì í dúró de ọmọ lójú ọ̀nà oko,

Mo kí yín o. Ara mi le, bí a bá yọ ti orúnkún kúrò, tí a sì yọ ti eyín, torí eyín ti ń kó jáde lẹ́nu mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ayálégbé tí onílé ń yọ lẹ́nu. Ìyá Ṣìfáù, ìyàwó yín, ní kí n kí yín. Ó ṣì ń bá mi jà. Ẹ má dáàmú, èmi náà ni mo máa ń jẹ̀bi.

Ìwé ni mo kọ lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí mo dúró nídìí sàréè yín lọ́jọ́ Iléyá, tí mo ń ròyìn fún yín, obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, “Bàbá, ta lẹ ń bá jà?” Mo ní bàbá mi ni. Ó sáré kọjá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n kò bá yín jà. Mo kàn ń sọ pé orí yín dán ju ti gbogbo àwọn tó sùn síbẹ̀ lọ ni. Ìwé tí ẹ rán mi lọ kò pọ̀, ibi tó dé náà ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ fojú fo àṣìkọ.

Ìròyìn tó wà níbẹ̀ rè é: ọ̀gán yín ti bímọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gán tó wà láàárín oko wa lójú ọ̀nà Òjòkú ni mò ń wí, èyí tí ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kàn. Gbogbo ayé ló ń wó ọ̀gán inú oko wọn kí wọ́n lè rí ilẹ̀ kọ ebè sí. Ẹ̀yin ń kọ ebè yí tiyín po, bí ìjòyè ṣe ń jókòó yí ọba po. Bí a bá ti dé oko láàárọ̀, kí ẹ tó sọ ọkọ́ kalẹ̀, ẹ ó kọ́kọ́ kí i: “Onílé, ẹ kú ilé o.” Èmi àti Láàmídì àbúrò mi á fọwọ́ bo ẹnu, a ó máa rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo sáré ṣáájú, mo fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, bí ẹ sì ṣe kí i tán mo dáhùn pé, “Ẹ káàbọ̀, kí lẹ mú wá fún wa?” Ìdí igi màǹgòrò lẹ sá dé kí ẹ tó wẹ̀yìn. Ẹgba tí mo jẹ lọ́jọ́ náà ṣì ń ta mí lára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún padà wá lónìí, n ó tún un ṣe.

Nígbà ọyẹ́, ẹ máa ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ihò tó wà lórí rẹ̀, ẹ ó ní èémí rẹ̀ ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí oòrùn bá sì mú lọ́sàn-án, ẹ ó fi ẹ̀yìn tì í, ẹ ó ní ara rẹ̀ tutù. Mo máa ń rò pé iṣẹ́ lẹ ń sá fún. Ó lè jẹ́ méjèèjì.

Oko náà kò jìnnà sílùú mọ́, Bàbá. Oko kò rìn o, ìlú ló ń rìn tọ̀ ọ́ bọ̀. Ilé ti dé etí odò tí a ti ń pọn omi. Láàmídì, tó ti di Alhaji ní Ìlọrin, tí ikùn rẹ̀ ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, wá bá mi lọ́dún tó kọjá pé ẹnìkan fẹ́ ra ilẹ̀ náà kí ó fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ tó sọ kò burú. Ó ní ànàmọ́ tí à ń gbìn síbẹ̀ kì í pẹ́ rà lẹ́yìn tí a bá ti wà á. Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa mọ̀ pé a kò níbi tí a ó kó o pamọ́ sí, wọ́n á kàn jókòó, wọ́n á máa wò wá títí ojú wa á fi wálẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dàgbà. Ṣé inú ebè lẹ fẹ́ kú sí ni?”

Mo ní kí ló burú níbẹ̀, bóyá n ó tún hù.

Kò rẹ́rìn-ín. Àwa méjèèjì lẹ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún, bí ọ̀kan kò bá fọwọ́ sí i, kò ṣeé tà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú mi pé bí ànàmọ́ tún fi rà lọ́dún náà, n kò ní ohun tí n ó fi bá a jiyàn mọ́. Orúnkún mi gan-an ti ń gbè sẹ́yìn rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ṣìfáù ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ẹ rántí rẹ̀? Àbíkẹ́yìn mi, tí ẹ máa ń gbé jókòó sórí ọ̀gán bí ìgbà tí ẹyẹlé bá bà sórí òrùlé. Ó ti kàwé o. Iṣẹ́ kí a máa ya ilé sórí ìwé kí bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ni ó kọ́. Mo bi í pé ṣé àwọn tó kọ́ ilé tiwa kò mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yà á ni. Ó wo ilé wa yíká, ó ní, “Daddy, ó hàn pé wọn ò mọ̀.” Ọmọ mi ni lóòótọ́.

Nígbà tó gbọ́ ohun tí Láàmídì wí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Daddy, ẹ má tíì dá Alhaji lóhùn. Mo fẹ́ kọ́ ilé fún ànàmọ́.”

“Ilé? Ta ni yóò máa gba owó ilé lọ́wọ́ wọn?”

“Ilé tí yóò máa mí. Bíi ọ̀gán Bàbá Àgbà.”

Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ̀ fi jáde láti ilé ìdáná wá wò mí. Ọmọ náà dúró, ó jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tán. Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà ní kékeré, ẹ̀yin lẹ mú ọwọ́ òun, ẹ tẹ́ ẹ lé ihò ọ̀gán, ẹ ní kí òun sọ ohun tó ń ṣe. Òun ní ó ń mí. Ẹ ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sì sọ, títí ó fi dé ilé ẹ̀kọ́ gíga, tí olùkọ́ kan ń ṣàlàyé bí ikán ṣe ń kọ́lé tí inú rẹ̀ kì í fi í gbóná jù, kì í sì í tutù jù. Ó ní ńṣe ni òun kàn ń rẹ́rìn-ín níjòókòó òun. Bàbá, èmi tí mo bá yín kọ ebè títí ẹ̀yìn mi fi tẹ̀, ẹ kò sọ fún mi. Ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní lẹ lọ fọ̀rọ̀ pamọ́ sí lọ́wọ́. Kí ni mo ṣe fún yín?

Ó yà á, ó fi hàn mí. Mo ní orí yín ló yà. Ó rí ṣoṣo lókè, ó tóbi nídìí, ògiri rẹ̀ sì nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí ewúrẹ́ lè sùn sínú rẹ̀ kí ó na ẹsẹ̀. Kò sí búlọ́ọ̀kù. Amọ̀ pupa inú oko wa náà ni a fi koríko gígé pò, tí a fi ẹsẹ̀ gún títí ó fi fà. Ilẹ̀ inú rẹ̀ wọlẹ̀ dé orúnkún, nítorí ìsàlẹ̀ ilẹ̀ máa ń tutù. Ihò kéékèèké yí ìdí ògiri ká, ihò ńlá kan sì wà lókè níbi ọrùn. Atẹ́gùn tútù á gba ìdí wọlé, èyí tó bá ti gbóná lára ànàmọ́ á gba ọrùn jáde. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀gán ń ṣe. Orí àtẹ ọparun ni ànàmọ́ á wà, kí wọ́n má baà gun ara wọn.

Jímọ̀ bíríkìlà, ará Ìjàgbó, ló bá wa mọ ọ́n. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó wo ìwé náà, ó dorí rẹ̀ kodò, ó tún un yí padà.

“Bàbá, fèrèsé dà?”

“Ànàmọ́ kì í yọjú wo ẹni tó ń lọ.”

“Igun ilé wá ńkọ́?”

“Ó já bọ́ lójú ọ̀nà nígbà tí Ṣìfáù ń gbé e bọ̀.”

Àwọn ọlọ́kadà tó ń ná Òjòkú á dúró, wọ́n á béèrè ohun tí à ń kọ́. Mo sọ fún ọ̀kan nínú wọn pé ilé ìyàwó mi kejì ni. Kò tó ìrọ̀lẹ́ tí ìyàwó àkọ́kọ́ fi gbọ́ nílé. Gààrí ni mo mu sùn, èmi fúnra mi ni mo sì bu omi sí i.

Láàmídì wá wò ó nígbà tó kù díẹ̀ kó parí. Ó yí i po, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kàn án.

“Ẹ̀gbọ́n, bí ikán bá rí èyí, wọ́n á rò pé ọba wọn ló kú.”

Mo ní kí a ta tẹ́tẹ́ sí i. Bí ànàmọ́ bá dára di ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, kò ní dárúkọ títa ilẹ̀ yẹn mọ́ láyé. Bí wọ́n bá rà, n ó fọwọ́ sí i. Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ kékeré.

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Bí ó bá di iyàn, a ó gbé ara wa.”

Ó mọ ohun tí mo ń wí. Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ọmọ Ọ̀fà kì í fi ẹnu parí ìjà? Ìdí ọ̀gán náà lẹ ti máa ń ní kí a wọ̀yá ìjà, ẹ ó jókòó bí adájọ́, ẹ ó máa jẹ ànàmọ́ sísun lọ. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ni yóò ru ẹrù ẹnì kejì délé. Ibẹ̀ ni àtàǹpàkò ọ̀tún Láàmídì ti wọ́, tí kò sì tún nà mọ́ títí di òní. Ẹ fi àtàǹpàkò yẹn sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá bá a.

A wa ànàmọ́ nígbà tí ọyẹ́ ń yọjú. Ṣìfáù kò jẹ́ kí a jù wọ́n, kò jẹ́ kí a fọ̀ wọ́n. Ó ní kí n ṣe bí ẹni pé ẹyin ni. A tẹ́ wọn sábẹ́ ibòji, a fi koríko bò wọ́n títí gbogbo ojú tí ọkọ́ ti kàn fi jinná, kí a tó kó wọn wọlé. Láti ìgbà náà, àràárọ̀ ni mò ń gun àkàbà lọ tẹ́ ọwọ́ lé ọrùn ilé náà. Ẹ má sọ ti àkàbà fún ìyàwó yín. Bàbá, ó ń mí. Ó ń mí sí mi lọ́wọ́ bí ọmọ tó sùn. Mo kọ́kọ́ wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rí i pé kò séèyàn, mo wá ní, “Onílé, ẹ kú ilé o.” Mo dúró díẹ̀. Mo rò pé ẹ ó gbẹ̀san lára mi láti ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ kò dáhùn?

Ọyẹ́ wá le gan-an. Ọ̀rẹ́ mi kan dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ìjàgbó, mo lọ bá a gbé fún bí ọ̀sẹ̀ kan, Ṣìfáù sì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin. Nígbà tí mo padà dé oko, mo gun àkàbà, mo tẹ́ ọwọ́. Kò mí. Mo fi ọwọ́ kejì gbìyànjú. Kò mí. Mo ṣílẹ̀kùn, ooru rọ́ lù mí lójú, òórùn dídùn kan sì bá a jáde, irú òórùn tó máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí. N kò ṣẹ̀fẹ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Ilẹ̀ yín ló ń lọ lójú mi yẹn.

Mo yí ilé náà po. Gbogbo ihò ìdí rẹ̀ pátá ni wọ́n ti fi amọ̀ dí. Iṣẹ́ náà sì mọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ àárín amọ̀ kọ̀ọ̀kan wọlé kí ó lè mú, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ojú àtàǹpàkò náà sì wọ́.

Mo pè é lórí fóònù.

“Láàmídì, o pa mí.”

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ta ló dí ihò ilé ànàmọ́?”

Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn.

“Èmi ni.”

“Kí o ṣáà lè rí ilẹ̀ tà.”

“Rárá o, Ẹ̀gbọ́n. Wàláhì. Mo ní kí n yà wò wọ́n ni, n kò bá yín. Ọyẹ́ ń fẹ́, mo rí ihò nídìí ògiri... Ẹ̀gbọ́n, n kò tiẹ̀ rò ó. Agbádá mi ti wà lórí ẹ̀ka igi kí n tó mọ̀ pé amọ̀ ni mò ń pò.”

“Ìwọ Alhaji, o po amọ̀?”

“Mo tún ń kọrin sí i.”

Bàbá, ẹ rántí abà yín tó ti wó, tí ihò ara rẹ̀ ju ògiri rẹ̀ lọ? Ọdọọdún, bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, iṣẹ́ Láàmídì ni kí ó po amọ̀ kí ó sì dí gbogbo ihò ìdí rẹ̀, torí ẹ̀yin, géńdé ọkùnrin, òtútù díẹ̀ báyìí, ẹ ó ti máa gbọ̀n. Mo jókòó sílẹ̀ nídìí ògiri náà, fóònù wà létí mi, gbogbo ìbínú mi wálẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún ọwọ́ àbúrò mi pé abà ti wó. Wọn kò tíì sọ fún un pé ẹ ti lọ. Ọyẹ́ fẹ́, ó lọ dí ihò fún bàbá rẹ̀.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Òun náà pa tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọjọ́ kejì, òun àti Ṣìfáù jọ dé. A ṣí ihò, a ṣa àwọn tó ti rà kúrò, wọn kò kéré. Ewúrẹ́ Ìyá Ṣìfáù jẹ nínú rẹ̀, wọ́n sì rìn wálé bí ọ̀mùtí. Láàmídì kò lè wo ojú ọmọ náà. Ṣìfáù kúnlẹ̀ níwájú ihò tó kù, ó fi ìka kan ojú àtàǹpàkò inú amọ̀.

“Alhaji, gbogbo rẹ̀ lẹ dí?”

“Gbogbo rẹ̀ ni, ọmọ mi. Mo ti bà á jẹ́ fún ẹ.”

“À bá dí díẹ̀ nínú rẹ̀, kó jẹ́ alẹ́ nìkan. Òtútù ọyẹ́ kò dára fún ànàmọ́. Èmi ni ọkàn mi kò lọ síbẹ̀.”

Ó ní àwọn ikán náà kì í fi ilé wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó kàn máa wò. Wọ́n á dí ihò kan, wọ́n á ṣí òmíràn, bí ojú ọjọ́ bá ṣe rí. Mo ní ó dáa, a ti rí ikán tó sanra jù láyé, Ìlọrin ló ń gbé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti sọ ọ́ ní Alhaji Adíhò. Wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dé Òjòkú. Ó gbẹ́ ìdérí igi sí gbogbo ihò náà. Bí ọ̀sẹ̀ bá ti parí, ọkọ̀ rẹ̀ á ti dúró létí oko, agbádá á ti wà lórí ẹ̀ka. Láàárín ọ̀sẹ̀, èmi ni igbákejì adíhò, ó sì ń fi fóònù ṣọ́ mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ti mọ́ o. Ṣé ẹ ti ṣí i?”

“Mò ń kírun lọ́wọ́.”

“Bí ẹ bá ń kírun, ẹ kò ní gbé fóònù.”

Ikùn rẹ̀ pàápàá ti ń fà. Ṣé ẹ rí i láti ibẹ̀?

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bó ṣe dá, gbogbo wa pé síbẹ̀, a ṣílẹ̀kùn. Bàbá, ànàmọ́ jókòó sórí àtẹ wọn bí àlejò tí a ṣe dáadáa. Ara wọn le, wọ́n sì ti dùn ju ìgbà tí a wà wọ́n lọ. Nígbà tí a gbé díẹ̀ dé ọjà, tí kò sí ti ẹlòmíràn níbẹ̀ mọ́, àwọn tó máa ń jókòó wò wá ló ń dìde kí wa. Mo jókòó, mo wò wọ́n díẹ̀. Ó dùn mọ́ mi.

A sun mélòó kan nídìí ọ̀gán yín. Ibẹ̀ ni iyàn ti bẹ̀rẹ̀. Láàmídì ní àwọn kan ṣáà rà, nítorí náà òun ló jẹ tẹ́tẹ́ náà. Mo ní òun ló mú wọn rà. Ó ní a kò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí à ń ta tẹ́tẹ́. Mo wo ojú rẹ̀, ẹ̀rín wà níbẹ̀. Mo bọ́ fìlà. Ó bọ́ bàtà.

“Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìbàdí yín,” Ṣìfáù ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

“Fi wọ́n sílẹ̀,” Jímọ̀ bíríkìlà ni, “ó ti pẹ́ tí mo ti rí nǹkan wò.”

A gbá ara wa mú. Agbára kò sí níbẹ̀, Bàbá. Ńṣe la kàn dì mọ́ra, tí à ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ bíi ilé ànàmọ́. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ́ mi, ẹrẹ̀ yọ̀ ọ́, àwa méjèèjì bá fẹ̀yìn lélẹ̀ gbì nídìí ọ̀gán. A kò lè dìde. Ẹ̀rín kò tiẹ̀ jẹ́ kí a gbìyànjú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn yín ló kọ́kọ́ kanlẹ̀.”

“Irọ́ ni. Ìwọ ti balẹ̀ kí n tó gbéra.”

Jímọ̀ ní òun ṣẹ́jú. Ṣìfáù ní ẹ̀rù bà òun, òun dijú. Láàmídì ń wo òkè. Ó wá nawọ́ sápò, ó yọ fóònù, ó sì pe ọkùnrin tó fẹ́ ra ilẹ̀, bó ṣe dùbúlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yẹn. Ó kí i dáadáa. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú, a kò tà á mọ́. Mo gbọ́ tí ọkùnrin náà ń béèrè ìdí rẹ̀. Láàmídì wo ọ̀gán, ó wo ilé ànàmọ́, ọmọ ọ̀gán, tó dúró tì í.

“Bí mo bá tà á,” ó ní, “bí ọyẹ́ bá tún dé, ibo ni n ó ti máa dí ihò?”

Ọkùnrin náà pa fóònù. N kò dá a lẹ́bi.

Bàbá, ẹjọ́ kan ló kù. Apẹ̀rẹ̀ ànàmọ́ kan wà nídìí ọ̀gán láti ọjọ́ náà, ẹni tó ṣubú ló yẹ kó rù ú wálé, kò sì sí ẹni tó gbà pé òun ṣubú. Ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó síbi tí ojú ti tó o. Ta ni nínú wa? Bí ó bá jẹ́ Láàmídì, ẹ yára wá sọ fún mi, kódà kó jẹ́ lójú àlá. Bí ó bá jẹ́ èmi, ẹ rọra sinmi, ẹ má da ara yín láàmú.

N ó lọ tẹ́ ọwọ́ lé e láàárọ̀ ọ̀la, n ó sì kí i.

Èmi ni ọmọ yín, àkọ́bí tí etí rẹ̀ le, tó ń fi yín ṣẹ̀fẹ̀ nítorí pé bí ó bá dákẹ́, àárò yín ni yóò máa sọ̀rọ̀.